Ọwọ́ ta ló ṣe é? Bí mo ṣe ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wò kí n tó gbé e wọ kíláàsì

Ẹ̀yin tíṣà jẹ́léósinmi ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o: tí mo bá ṣí fídíò iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé, mi ò kì í wo ìparí ẹ̀. Àwòrán ìparí yẹn, labalábá tó ń dán, kìnnìún tí irun ẹ̀ lọ yípo dọ́ba, ìyẹn ni wọ́n fi ń fa èèyàn wọlé, ó sì ń fa èèyàn lóòótọ́. Àárín fídíò ni mo máa ń fà á lọ, ibi tí ọwọ́ wà. Ọwọ́ ta ni? Tó bá jẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà tó kun èékánná ló ń gé, tóun náà ló ń lẹ̀ ẹ́, tóun náà ló ń to ojú àti imú sí i, tí wọ́n wá pe ọmọ níparí pé kó fìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè mú, iṣẹ́ ọwọ́ àǹtí nìyẹn, ọmọ kàn wá yọjú ni.

Ọbántokò níbí l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi dátà mi wá nǹkan tá a lè ṣe lọ́jọ́ Friday. Ìbéèrè tí mo wá ń bi gbogbo nǹkan tí mo bá rí báyìí ò ju ẹyọ kan lọ: tí àǹtí bá gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀, kí ló kù tọ́mọ fúnra ẹ̀ máa pinnu? Tí ò bá sí nǹkan kan, mo kọjá.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn, torí kì í ṣe àwa nìkan la ni kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ fọ́tò tí wọ́n máa gbé sórí Facebook, àwọn òbí náà fẹ́ nǹkan tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Tí gbogbo ọmọ kíláàsì bá gbé labalábá lọ sílé, tí gbogbo ẹ̀ jọra, tí ò sí èyí tí apá ẹ̀ wọ́, inú gbogbo èèyàn á dùn. Mọ́mì kan wá mú ọmọ ẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó gba bébà lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí? Àbí wọn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lónìí ni?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ bi í." Ọmọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n panu dé. "Olúmọ ni. Òjò ń rọ̀, ewúrẹ́ wá sá wọ abẹ́ òkúta." Ó nawọ́ sójú ibi kan tó ti fi kíréyọ́nù búráùn tẹ̀ títí bébà fi fẹ́ ya. Mọ́mì wò ó wò ó. "Ewúrẹ́ dà?" "Ó ti wọlé, ẹ ò lè rí i mọ́."

Ẹ sọ fún mi, labalábá wo ló máa mú irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́rin?

Kì í sì í ṣe pé èmi ni mo dá èyí sílẹ̀. Rhoda Kellogg, obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ jẹ́léósinmi ní San Francisco l'Amẹ́ríkà, kó àwòrán ọmọdé jọ tó tó mílíọ̀nù kan, ó jókòó tì í, ó sì rí i pé jágbajàgba tá a rò pé kò nítumọ̀ yẹn, oríṣi 20 ló pín sí, àti pé inú ẹ̀ ni róbótó ti ń jáde, inú róbótó ni oòrùn ti ń jáde, kí oòrùn yẹn tó wá lójú tó wá lẹ́sẹ̀, kó tó di èèyàn. Ọmọ tí wọ́n bá ń gbé fọ́tókọ́pì labalábá fún lójoojúmọ́ pé kó kùn ún kó má kọjá ìlà, ìgbà wo ló fẹ́ rí àyè rin ìrìn àjò yẹn? NAEYC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké l'Amẹ́ríkà, ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ pé ohun tọ́mọ ń ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló jà jù, kì í ṣe ohun tó gbé dání nígbà tó parí. Sáìtì wọn wà lára ibi tí mo máa ń padà sí, kò sí ariwo níbẹ̀, àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀ sì máa ń sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ta ló kọ ọ́. Mo máa ń wá ibi tí ẹni tó ni sáìtì ti sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀. Ṣé tíṣà ni, ṣé ìyá ọmọ ni, àbí ẹni tó ń ta nǹkan? Gbogbo wọn ló lè wúlò o, ìyá ọmọ tó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ méjì nínú kíṣìnì ẹ̀ lè ní ọgbọ́n tó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ méjì kì í ṣe ọmọ méjìlélógún, ohun tó gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gba èmi ní odidi àárọ̀. Tí mo bá wá rí i pé gbogbo ohun èlò tó dárúkọ ló ní líǹkì téèyàn á fi rà á, mo ti mọ̀ pé owó wà ńbẹ̀ fún un, màá rọra kà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ńlá dẹ́rù bà yín. Ẹ wo bí "Montessori" ṣe pọ̀ tó lára pátákó ilé ìwé láti Àsẹ́rò dé Oke-Ilewo. Lóòótọ́, Maria Montessori ti gbé láyé, dókítà ni, Róòmù ló ti ṣí ilé ọmọdé ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1907, àjọ AMI tóun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1929 ṣì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ni orúkọ yẹn lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sí sáìtì ẹ̀, ó lè kọ ọ́ sára abọ́ oníke. Reggio náà ti ń di bẹ́ẹ̀. Reggio Emilia, ìlú ni ní Ítálì, ibẹ̀ ni Loris Malaguzzi àtàwọn òbí ibẹ̀ ti kó ilé ìwé ọmọdé jọ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí wọ́n sì fún iṣẹ́ ọnà ní yàrá tiẹ̀ àti olùkọ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá ta agbọ̀n igi fún yín pé Reggio ni, agbọ̀n ló tà.

Pinterest, sáìtì tí wọ́n ń kó àwòrán sí yẹn ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní parọ́, òru ni mo máa ń wò ó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwòrán ti máa ń já kúrò lára olówó ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú ewé ò ṣí, tàbí kó gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Tí mi ò bá rí ibi tó ti wá, mo máa ń fi Google Lens wá a. Èyí tó tún wá burú báyìí ni àwòrán tí AI yà, ẹ ó rí ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹyẹ oníbébà dání, ẹ bá tún wo dáadáa, ìka ọmọ ò pé tàbí kó lé, ìyẹ́ ẹyẹ náà ò sì lẹ̀ mọ́ ibi kankan, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan yẹn rí láyé. Àǹtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi odindi ọ̀sán wá bí wọ́n ṣe ṣe irú ẹ̀ kan. Kò lè rí i, torí kò sí.

Ọjọ́ orí náà nìyẹn. Tí mo bá rí "ọdún méjì sí mẹ́jọ", ẹni tó kọ ọ́ ò ronú rárá nìyẹn, tàbí kó fẹ́ kí gbogbo èèyàn tẹ líǹkì ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì, gbogbo ọwọ́ ló fi ń dì kíréyọ́nù mú, èjìká ló fi ń yàwòrán. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fi sísọ́ọ̀sì gé etí bébà kéú kéú, àmọ́ kó tẹ̀ lé ìlà dópin, ó di nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí púpọ̀ nínú wọn tó lè ṣe é, àwọn mìíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Sáìtì tó bá mọ èyí máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé tọ́mọ yín bá kéré, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ya bébà dípò kó gé e. Nígbà tí mo bá rí irú gbólóhùn kékeré yẹn, mo mọ̀ pé ẹni yìí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rí.

Ibi tí mi ò ti ń ṣeré ni ọ̀rọ̀ ewu. Àwọn bíìdì omi tó máa ń wú yẹn, èyí tí wọ́n ń kó sínú abọ́ kọ́mọ máa fọwọ́ bọ̀ ọ́, ó rẹwà nínú fídíò, ṣùgbọ́n tọ́mọ bá gbé e mì, ó ṣì máa wú nínú ikùn, ó sì lè dí ìfun. CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà l'Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ léraléra, nígbà tó sì máa fi di December 2023, àwọn ilé ìtajà ńlá bí Amazon, Walmart àti Target ti ní àwọn ò ní tà á fún eré ọmọdé mọ́. Àwọn fídíò àtijọ́ ṣì wà lórí YouTube o, wọn ò bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé nǹkan síta ṣe pàtàkì. Síláìmù tí wọ́n fi bórásì po náà, mi ò ní í gbé e súnmọ́ ọmọ kankan, ilẹ̀ Yúróòpù ti kà á mọ́ àwọn kẹ́míkà tó lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́.

Kódà ìyẹ̀fun fúláwà tá à ń fojú oúnjẹ wò, tútù ẹ̀ lè gbé kòkòrò E. coli, ìdí nìyẹn tí CDC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn l'Amẹ́ríkà, fi ní kí wọ́n má fún ọmọdé ní ìyẹ̀fun pípò tútù ṣeré. Èyí tá a sè ni mo ń lò: fúláwà ife méjì, iyọ̀ ife kan, omi ife méjì, òróró ṣíbí méjì, a ò gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró lórí iná títí á fi ṣù. Gbogbo sáìtì ló máa ní kẹ́ ẹ fi cream of tartar sí i. Mo wá a dé Kútọ̀, wọ́n ń wojú mi. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbapò ẹ̀, kíkan ló ń fẹ́ níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Iyọ̀ inú ẹ̀ pọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ẹ̀wà náà wà ńbẹ̀. Gbogbo sáìtì ló fẹ́ kí ọmọ máa fi ẹ̀wà to àwòrán, ọmọ tó máa ki ẹyọ kan sí imú ò sì ní sọ fún yín kó tó ki í. Òfin Amẹ́ríkà lórí nǹkan ìṣeré ọmọ tí ò tí ì pé ọdún mẹ́ta ni pé tó bá ti lè wọ inú kinní róbótó kan tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 31.7 pátápátá, ó kéré jù. Èmi ò ní kinní yẹn, páálí róbótó àárín tíṣù ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ó fẹ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀, ìyẹn sì dáa fún mi: ohun tó bá gbabẹ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ àwọn kékeré inú kíláàsì mi. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọjá. Bọ́tìnnì kọjá. Àwọn ojú oníke tó ń yí kiri tí gbogbo wọn ń lẹ̀ mọ́ ẹranko, ó kọjá láìkanra.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ò gùn lẹ́nu mi. Pọ́m-pọ́m, ìyẹn bọ́ọ̀lù onírun kéékèèké, wáyà onírun, síkínì tó ń dán, gbogbo ẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì ní Páńṣẹ́kẹ́, owó ẹ̀ á sì gbé owó oṣù yín lọ. Mo máa ń bi ara mi pé kí lọwọ́ ọmọ ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń yí i, ó ń ká a, okùn ọ̀pẹ tàbí àjákù aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ á ṣe é. Kíréètì ẹyin wà. Páálí wà. Ní December tí gbogbo sáìtì bá gbé èèyàn oníyìnyín jáde, ọmọ Àdàtán wo ló mọ yìnyín? Ọyẹ́ lòun mọ̀, ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ tẹ́ bébà lé e kó fi ẹ̀gbẹ́ kíréyọ́nù nù ún, iṣan ewé á jáde, ariwo á sọ.

Fídíò, tíṣà ni kó wò ó, kì í ṣe ọmọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ò yẹ kó jókòó ti ojú sìkíríìnì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá sì kéré sí i, ó tún dáa sí i. Mo máa ń wò ó nílé, mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé, fóònù á wà nínú báàgì. Ẹni tó bá tún fẹ́ dáńlóòdù kó sì pín in fún tíṣà mìíràn, kó wo láìsẹ́ńsì ẹ̀ lábẹ́: tó bá kọ CC BY, ẹ lè lò ó kẹ́ ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ni í, tí NC bá wà ńbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣòwò, tí ND bá wà ńbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ pín èyí tẹ́ ẹ bá ti yí padà. African Storybook tó wá láti South Africa, ìtàn Yorùbá wà lórí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, téèyàn á kà fún wọn, tí wọ́n á wá ya ohun tí wọ́n gbọ́. Mo máa ń fi àwòrán inú ẹ̀ pamọ́ títí wọ́n á fi ya tiwọn tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n dé ibi tí mo fẹ́ dé gan-an. Àdìrẹ.

Mo wá "adire for kids" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí nǹkan tó pọ̀. Ojú ewé kan ní iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ni, ó tẹnu bọ̀ ọ́, kò dárúkọ Yorùbá, kò dárúkọ Abẹ́òkúta, ó fi kẹ́ńtè àwọn ará Gánà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Òmíràn ní ìda àbẹ́là ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ń fi ìda ṣe é lóòótọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni, wọ́n á sè é bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ, tó bá gbẹ wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kó kúrò ní bí ewé bí ewé kó di búlúù, wọ́n á tún rì í. Èyí tó mú mi bínú jù ni fídíò tó ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró kó "rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é". Kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì, àwọn kẹ́míkà tó lè ṣe ara léṣe, wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí wọ́n ń lò lóde òní. Ọmọ ọdún mẹ́ta? Rárá o.

Ohun tí sáìtì kankan ò sì ní ni ẹni téèyàn lè bi. Mo kọrí sí Ìtòkú. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo fẹ́ kọ́." Ìyá kan tí ọwọ́ ẹ̀ ti dúdú dé ìgúnpá ò tiẹ̀ jẹ́ n dé ìdí ọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, má da álọ́ọ̀mù sí tìẹ o, má sì jẹ́ kí òkúta búlúù débẹ̀. Wọ́n á lá ọwọ́." Òkúta búlúù yẹn ni copper sulphate, májèlé ni, wọ́n ń fi sínú láfún kó má baà bà jẹ́, àti kó lè mú aṣọ. Kò sí èyí tó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ojú ewé tí mo ti kà.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyí. Láfún àti omi lásán, mo máa ń sè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó lè tutù dáadáa, kó ki bí ẹ̀kọ mímu tó ti dì díẹ̀. Mo máa ń gba àjákù aṣọ funfun lọ́dọ̀ télọ̀, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má sá. Ìyẹ́ adìẹ láti Láfẹ́nwá, ti àgbébọ̀ ló dáa torí ó le, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹni tí ò bá fẹ́ ìyẹ́, kó fìka yà á, tàbí kó da ẹ̀kọ sójú aṣọ gbogbo kó wá fi òòyà fà á kọjá. Ẹ gbé e sóòrùn títí á fi le kankan. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi díẹ̀ po àwọ̀ oúnjẹ búlúù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Tó bá tún gbẹ, wọ́n á fi ṣíbí ha ẹ̀kọ kúrò. Ẹ má fọ̀ ọ́ o, àwọ̀ oúnjẹ á bá omi lọ, ha ni kẹ́ ẹ ha á. Ibi tí ẹ̀kọ ti sán, búlúù á ti gba inú ẹ̀ wọlé ní ìlà tínínní tínínní, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pariwo sí jù.

Èmi ò sì yà nǹkan kan sára ẹ̀. Mi ò ya àpẹẹrẹ, mi ò gbé àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn lé pátákó pé ẹ ṣe bíi tèyí. Mo gbé àdìrẹ gidi méjì mẹ́ta wá, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, mo ká a pa mọ́, wọ́n sì lọ ṣe tiwọn. Ọ̀kan ha gbogbo ẹ̀kọ kúrò kó tó gbẹ, aṣọ ẹ̀ sì di búlúù látòkè délẹ̀, ó ní odò Ògùn ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá jẹ́ July, ẹ ó dúró ti ẹ̀kọ yẹn títí. Kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí lọ́jọ́ méjì ṣáájú pé kí wọ́n wọ aṣọ àlòkù fọ́mọ wá, torí àwọ̀ oúnjẹ tó bá ta sára yunifọ́ọ̀mù funfun, ọ̀dọ̀ àǹtí ni wọ́n máa gbé e wá ní Monday.